Ìrora Ìkúnlẹ̀: Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù

  

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó ìmọ́tótó àti ti àwọn tó ń pàtẹ sójú títì la sọ. Tòní yàtọ̀. Ìyálọ́jà ló ní ká bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìkúnlẹ̀ abiyamọ, pàápàá ìrora tó wà níbẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa lọ́jà níbí. Ọmọdébìnrin kan tó ń bá wa ta aṣọ, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́jọ. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà pé ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn wà tí wọ́n lè fún èèyàn kí ìrọbí má baà dun ni jù. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ìsọ̀ fi dàrú. Ẹnìkan ní, "Àwa tá a bí méje, ta ló fún wa lóògùn?" Ẹlòmíì ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara da nǹkan kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì dákẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́ látìgbà náà.

Ìdákẹ́ yẹn ló kọ wá lóminú. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà la wà lọ́jà yìí. Tí aboyún ò bá lè bi wá léèrè, ta ni yóò bi?

BÍ ÀWA ṢE BÍ TIWA

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká jẹ́rìí ara wa. Nínú àwa tá a jókòó síbí, àwọn kan bímọ ní Adéọ̀yọ́ ní Yemetu, àwọn kan ní ilé ìwòsàn Kátólíìkì ní Òkè-Òfà, àwọn kan ní UCH tó ti wà látọdún 1957. Àwọn kan bímọ lọ́dọ̀ aládùúrà, àwọn kan lọ́dọ̀ àgbẹ̀bí, àwọn kan nínú iyàrá ìyá ọkọ wọn ní agbo ilé ní Bẹyẹrunkà. Ibi yòówù ká ti bímọ, ọ̀pọ̀ wa ò fojú kan oògùn ìrora. Kò sẹ́ni tó fi lọ̀ wá, a ò sì mọ̀ pé èèyàn lè béèrè.

A mọ bó ṣe rí. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀yìn dídùn, bí ìgbà téèyàn ru àpò ẹ̀lùbọ́ láti ìsàlẹ̀ gun òkè Màpó. Á mú, á tún jọ̀wọ́. Nígbà tó bá jọ̀wọ́, èèyàn á rò pé kò tíì yá, á tún máa gbálẹ̀, á tún máa ka owó ọjà. Nígbà tó bá yá, kò ní fún èèyàn láyè àtisọ̀rọ̀ mọ́. Á gba ẹ̀yìn wá síwájú, á di ikùn mú bí ẹni fún aṣọ tútù. Èèyàn á làágùn, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹlòmíì á bì. Nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀ gan-an, á dà bíi pé ìbàdí fẹ́ pín sí méjì, ojú ara á máa ta bí ata. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn ọmọ.

Wọ́n máa ń sọ pé tá a bá ti gbóhùn ọmọ, a ti gbàgbé ìrora. Àwọn kan nínú wa gbàgbé lóòótọ́. Àwọn kan ò gbàgbé títí dòní, kì í sì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ọmọ. Nígbà tí a sì jókòó bá ara wa sọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa rántí jù kì í ṣe ìrora náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí wa ni. "Nígbà tí ò ń gbádùn, ṣé o pe ẹnikẹ́ni?" Ta ni wọn ò sọ ọ́ sí rí nínú wa? Àwọn kan gba ìgbátí lórí itan. Àwọn kan dá nìkan wà nínú iyàrá títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ìyá wọn sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọn ò jẹ́ kó wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó bímọ láìlo oògùn kankan, tó sì là á já, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ó yẹ ká máa yangàn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má fi ohun tá a là kọjá ṣe pàṣán na ọmọ ẹlòmíì.

OHUN TÍ ÌRORA NÁÀ JẸ́

Àwọn nọ́ọ̀sì tó máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Iṣan ni ilé ọmọ, ó sì lágbára gan-an. Nígbà ìrọbí, á máa sún kì, á tún máa jọ̀wọ́. Bó ṣe ń sún kì ló ń fa ẹnu ilé ọmọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí á fi ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 10, kí orí ọmọ lè gba ibẹ̀ kọjá. Títí á fi dé sẹ̀ǹtímítà 5, ó lè pẹ́ gan-an láìsí ewu. Láti 5 dé 10, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018 pé kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún ẹni tó ń bí àkọ́bí, kì í sì í sábà ju wákàtí 10 lọ fún ẹni tó ti bí rí.

Ẹ di ohun kan mú nínú gbogbo èyí: ìrora ìrọbí tó dáa máa ń wá, ó sì máa ń lọ. Àárín méjì máa ń jẹ́ ìsinmi. Ìsinmi yẹn ni aboyún fi ń mí, ni ọmọ inú náà fi ń mí. Nítorí náà la ṣe lè fara dà á. Ìrora tí kò lọ, tó dúró síbẹ̀ gan-gan, ìyẹn kì í ṣe ìrora ìrọbí lásán. A ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀rù náà tún ń dá kún un. Tí ẹ̀rù bá ba aboyún, ara rẹ̀ á le, kò ní lè mí dáadáa, ìrọbí fúnra rẹ̀ lè fà sẹ́yìn. Ẹ wá wo ohun tí èébú àti ìgbátí ń ṣe fún ẹni tó ń rọbí.

ARIWO KÌ Í ṢE ÌTÌJÚ

Ó ní ohun tá a máa ń sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé obìnrin gidi kì í pariwo. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa, ẹ rántí Súrà Mariyamọ nínú Àlùkùráánì. Nígbà tí ìrọbí mú Mariyamọ, ìdí igi dàbínù ló lọ, ó sì sọ pé ì bá sàn kóun ti kú ṣáájú àsìkò náà. Kò sẹ́ni tó bú u. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó má banú jẹ́, omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó mi igi dàbínù, kó jẹ, kó mu, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì, ẹ rántí Rákélì nígbà tó ń bí Bẹ́ńjámínì. Ìrọbí rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí rẹ̀ sì sọ fún un ni pé kó má bẹ̀rù. Rákélì kú níbẹ̀. Kì í ṣe àìgbójú ló pa á. Tí irú àwọn ìyá wọ̀nyí bá sọ pé ó dun àwọn, ta ni àwa tí a fẹ́ kí ọmọ aláṣọ má sọ ọ́?

A tún máa ń sọ pé ìwà òyìnbó ni oògùn ìrora. Àwọn òyìnbó pàápàá jà sí i. Ọdún 1847 ni dókítà kan tó ń jẹ́ James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aboyún ní chloroform fà símú ní Edinburgh, ní Skọ́tíláńdì. Àwọn kan níbẹ̀ bínú, wọ́n ní Ọlọ́run ló ní kí obìnrin bímọ nínú ìrora. Ní 1853, Ọbabìnrin Victoria lò ó láti fi bí ọmọ rẹ̀ kẹjọ, ariwo náà sì rọlẹ̀. Nígbà tó tún di 1933, dókítà òyìnbó mìíràn, Grantly Dick-Read, kọ̀wé pé ẹ̀rù ló ń mú kó dunni tó bẹ́ẹ̀, pé tí wọ́n bá kọ́ aboyún lẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sì dúró tì í, púpọ̀ nínú wọn ò ní nílò oògùn. Ẹ rí i pé apá méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ oògùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí kò fẹ́ kì í ṣe ará oko.

TÍ KÒ BÁ SÍ OÒGÙN, KÍ LÓ Ń RANNI LỌ́WỌ́?

Ká sọ òótọ́, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni yóò ṣì bímọ láìsí oògùn ìrora. Àwọn kan nítorí owó, àwọn kan nítorí pé ibi tí wọ́n forúkọ sí kò ní in, àwọn kan sì nítorí pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àìsí oògùn ò ní ká wá fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́.

Èkíní, ẹni tó dúró tì í. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní èyí. Nínú agbo ilé wa láyé àtijọ́, aboyún kì í dá rọbí. Ẹnìkan á dì í mú lẹ́yìn, ẹnìkan á jókòó níwájú, ìyá àgbà á máa kì í. Ilé ìwòsàn ló lé wa sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ní UCH wa níbí náà ni àwọn dókítà ti wá ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2009. Wọ́n pín àwọn aboyún tó lé ní 500 sí ọ̀nà méjì. Apá kan ní ẹni tí wọ́n fúnra wọn mú wá tó dúró tì wọ́n. Apá kejì gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọn ò ní ẹnìkan. Ẹ gbọ́ o: àwọn tí kò ní ẹnìkan, ó tó ìlọ́po márùn-ún bí iṣẹ́ abẹ ṣe kàn wọ́n ju àwọn tó ní lọ. Ìrọbí wọn pẹ́ jù, ìrora wọn pọ̀ jù, ó sì tún pẹ́ kí wọ́n tó fún ọmọ lọ́mú. Nínú àwọn tó dúró tini, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ ọkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ọkùnrin ò gbọdọ̀ débẹ̀, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti débẹ̀, ojú wọn ò fọ́.

Ìkejì, ìkúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ni Yorùbá ń pe ìbímọ? Ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Àwọn ìyá wa kúnlẹ̀ bímọ, wọ́n di ògiri tàbí èjìká ẹlòmíì mú. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti wá ní ká dùbúlẹ̀ gbalaja, ká gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2018 tó ṣáájú sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí aboyún tí ara rẹ̀ dá rìn, kó dúró, kó kúnlẹ̀, bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìwádìí púpọ̀ tí wọ́n kó jọ fi hàn pé àwọn tó ń rìn tàbí tó ń dúró nígbà tí ẹnu ilé ọmọ ń ṣí, ìrọbí wọn fi ohun tó lé ní wákàtí kan yá ju ti àwọn tó dùbúlẹ̀. Kí aboyún béèrè lọ́jọ́ tó bá ń lọ gba ìtọ́jú oyún pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kúnlẹ̀?" Ìbéèrè ò sọni di aláfojúdi.

Ìkẹta, ọwọ́ àti omi. Kí wọ́n fi òrí tàbí òróró ra ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí nígbà tó bá mú. Aṣọ tí wọ́n rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dáa lẹ́yìn, kó má gbóná jù o. Kó máa mí wọlé pẹ̀lẹ́ gba imú, kó mí síta gba ẹnu, bí ẹni fẹ́ná pẹ̀lẹ́. Kó máa mu omi, kó fá ẹ̀kọ mímu díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò bá ní kó má jẹun. Kí ẹni tó dúró tì í máa sọ fún un pé ó ti lọ, ó ku ìkan. Ẹni tó bá fẹ́ ké, kó ké. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin tàbí ṣe àdúrà, kó ṣe é.

OÒGÙN TÓ WÀ

Oògùn wà lóòótọ́, ọmọ náà ò purọ́. Àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún síni lára, bíi pethidine àti pentazocine. Wọ́n máa ń dín ìrora kù, wọn kì í mú un kúrò pátápátá, wọ́n lè mú kí èèyàn máa tòògbé, kí òòyì sì máa kọ́ ọ. Tí wọ́n bá gún un nígbà tí ọmọ ti fẹ́ jáde, ó lè mú kí ọmọ rẹ̀ má mí dáadáa lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ló yẹ kó wà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ fún wa nípa atẹ́gùn kan tí wọ́n ń fà símú níbẹ̀ nígbà tí ìrọbí bá mú, tó máa ń mú un rọ̀. Èyí tó lágbára jù ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní epidural. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ oògùn ìpara nìkan ló ń fi í síni lẹ́yìn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló lè ṣe é, owó rẹ̀ sì ga. Ìlànà 2018 yẹn náà sọ pé aboyún tí ara rẹ̀ dá tó bá béèrè fún un, kí wọ́n fún un.

Kí aboyún béèrè ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, kó má dúró dọjọ́ ìrọbí: "Kí lẹ ní níbí? Èló ni? Ta ló ń fún èèyàn? Ta ló lè dúró tì mí?" Àwọn tó bá ní káàdì ìlera OYSHIA, kí wọ́n béèrè ohun tí káàdì wọn lè san àti ohun tí kò lè san.

ÌRORA YÀTỌ̀ SÍ EWU

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí o. Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìfaradà dáa, ṣùgbọ́n ìfaradà lè di aṣọ tá a fi bo ewu mọ́lẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbà wá láyè ká sọ èyí, ó ní ká má dárúkọ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rọbí oyún kẹta ní ilé ìgbẹ̀bí kan. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sínú omi fún un láti fi mú ìrọbí yára. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà sọ fún wọn pé ìrora yìí ò lọ mọ́, pé ó dúró sójú kan. Wọ́n ní ṣé kò bímọ rí ni, kó fara dà á. Ìyá rẹ̀ náà ní kó fara dà á. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ń mọ́, ìrora náà dá wáí. Gbogbo wọn dúpẹ́, wọ́n rò pé ó rí ìsinmi ni. Ilé ọmọ ló ti ya. Máíkírà ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ ilé ọmọ náà kúrò. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ọmọ inú rẹ̀ ò yè é. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó lajú ni pé, "Mo sọ fún yín, Màámi."

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn nǹkan tó yẹ kó mú wa dìde lójú ẹsẹ̀ rèé. Ẹ kà á fún ẹni tí kò lè kàwé:

Ìrora tó dúró gan-gan tí kò jọ̀wọ́, tàbí tó kàn dá wáí tí ọmọ ò sì tíì wá.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn kí ọmọ tó dé. Àmì ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ ikun kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣàn kì í ṣe kékeré.

Orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú, tàbí gìrì. Gìrì aboyún kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fà á, ó sì ní abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró nílé ìwòsàn.

Omi tó dà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ewé, tàbí tó ń rùn. Ibà. Ọmọ tí kò yí nínú mọ́.

Ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí ìwọ́ tó yọ ṣáájú orí.

Ìrọbí tó le tí ilẹ̀ ṣú bá, tí ilẹ̀ tún mọ́ bá, tí ọmọ ò bọ̀.

Olóbi tí kò jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ ti dé.

Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àsìkò "fara dà á". Ọkọ̀ ni ká wá.

Ó tún ní ohun tí a gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrọbí yára kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gún síni nínú ilé tí kò sí dókítà àti ibi iṣẹ́ abẹ. Òun kan náà ló ń mú ìrora le, òun náà ló lè fa ilé ọmọ ya. Ẹ̀yin elégbòogi wa, ẹ má bínú sí wa, agbo tí wọ́n ń mu kí ọmọ tètè wá lè ṣe ohun kan náà, torí kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa le tó nínú ara aboyún. Kí ẹnikẹ́ni má sì gun ikùn aboyún, kó má fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ọmọ baà jáde.

Tí ọmọ bá dé, iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa àwọn ìyá jù lẹ́yìn ìbímọ. Abẹ́rẹ́ oxytocin yẹn kan náà, tí wọ́n bá gún un lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ rí i pé oògùn kan náà lè pani ṣáájú, kó sì gbani là lẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó mú un lọ́wọ́. Ní 2023, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde láti ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Ọ̀rá kan tí wọ́n sàmì ìwọ̀n sí ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, wọn ò fi ojú díwọ̀n mọ́, wọ́n sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ tó le tó sì ń pani fi ìdá 60 nínú 100 dín kù. Ẹ wo bí nǹkan kékeré ṣe ń gbani. Nínú obìnrin mẹ́rin tó kú nítorí oyún àti ìbímọ ní gbogbo ayé ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó lé ní ẹyọ kan tó jẹ́ ará Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa ni, àwọn oníbàárà wa ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ PINNU

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí rẹ̀, ohun mẹ́rin la sì fẹ́ kí gbogbo wa fọwọ́ sí.

Àkọ́kọ́, láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi aboyún ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà yìí nítorí pé ó bèèrè nǹkan tàbí pé ẹ̀rù ń bà á. Bákan náà, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, "ẹ kú ewu ọmọ" náà ni ká kí i. Kí a má gbọ́ "ṣé o ò lè bí i fúnra rẹ ni" lẹ́nu ìyá ọkọ kankan nínú ẹgbẹ́ yìí.

Ìkejì, kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tó ní sùúrù, tí aboyún tí kò ní ìyá nítòsí lè pè kó wá dúró tì í. Kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ìkẹta, kí a bá àwọn onímáíkírà tó ń gbé ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba láti gbé aboyún lóru, kí ẹgbẹ́ sì san owó náà fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìkẹrin, kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àjọ wa lóṣooṣù fún ìkúnlẹ̀. A ó fi yá ẹni tó bá nílò rẹ̀ lójijì, kò ní sí èlé lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ lóyún, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ó máa dùn o, a ò ní tàn yín. Bẹ́ ẹ bá bí i láìsí oògùn, ẹ lè ṣe é, àwa rèé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ oògùn tẹ́ ẹ sì rí i, ẹ gbà á, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá sọ fún yín pé eléyìí yàtọ̀, ẹ sọ ọ́. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ ní kí wọ́n pè wá.

Ẹ̀yin ìyá, àdúrà ló kù. Àwọn aboyún wa, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn ò ní jẹ́ ọjọ́ ẹkún. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Olóbi ò ní pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ, Ọlọ́run á dá wọn lóhùn. Àwọn tí ọmọ wọn ò dúró, Ọlọ́run á tù wọ́n nínú, á fi òmíràn rọ́pò. Àmín o.

Kí àwọn olórí ìsọ̀ mú orúkọ àwọn obìnrin méjì méjì náà wá kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́